Èéfín Ìdáná Yín, Owó Yín Ni

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń fẹ́ná lọ́wọ́ bó ṣe ń gbọ́ mi yìí. Kó má dìde. Ọ̀rọ̀ iná yẹn gan-an la fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ ibà, ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára la sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, owó igi àti owó èédú ni. Ẹ má sọ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera. Ìyá àgbà tí kò rówó ra igi kì í kígbe. Ohun tó máa ṣe ni pé á mu gàrí láàárọ̀, á tún mu ún lálẹ́. Á pa ẹ̀wà tì, torí ẹ̀wà ń jẹ igi. Omi odò tó yẹ kó sè kó tó mu, á mu ún bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, omi tútù ni á fi wẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ wẹ̀ rárá. Tó bá wá ń rù, tí ikọ́ mú un, àwọn ọmọ á ní ogbó ló dé. Nígbà mìíràn, ogbó kọ́. Igi ló tán nílé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ro ẹ̀kọ tà, tẹ́ ẹ ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà, tẹ́ ẹ ń dín àkàrà, mélòó nínú yín ló ń ka owó igi mọ́ owó òwò? A máa ń ka owó àgbàdo, owó òróró, owó ẹlẹ́rọ tó bá wa lọ ẹ̀wà. Igi, a kàn máa ń rà á ni. Ẹ ṣe é báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan: ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ra igi tàbí èédú 100 fáráǹ, ẹ sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agolo. Lọ́jọ́ keje, ẹ ka òkúta náà, kẹ́ ẹ fi iye rẹ̀ wé èrè tẹ́ ẹ jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò ní sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá sọ fún mi.

Ẹ sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti sọ ní Nàìjíríà pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, kpayo tó ń gba ààlà wọlé sọ́dọ̀ wa ti gbówó lérí. Alùpùpù tó ń gbé igi láti oko ń mu epo, ọkọ̀ tó ń kó èédú náà ń mu ún. Kò sí ohun tí èmi àti ẹ̀yin lè ṣe sí iye epo. Ohun tá a lè ṣe wà nínú ààrò.

Ààrò olókùúta mẹ́ta tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa, mi ò ní bú u. Ó gba ìkòkò ńlá, ó gba kékeré, kò sẹ́ni tó ń sanwó kó tó ní in. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọn iná rẹ̀ rí i pé, nínú ooru 100 tí igi mú jáde lórí ààrò gbangba, bíi 10 sí 15 péré ló ń wọ inú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá ra igi 1000 fáráǹ, igi bíi 100 sí 150 fáráǹ ló se oúnjẹ yín. Ìyókù, àgbàlá lẹ fi yáná fún.

Èéfín wá ńkọ́? Èéfín kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Igi tí kò jóná tán ni. Nígbà tí igi bá gbóná, nǹkan kan bí atẹ́gùn máa ń jáde lára rẹ̀, òun ló ń jó tá a fi ń rí ọwọ́ iná tó ń bù yẹ̀rì. Tí iná ò bá gbóná tó, tàbí tí atẹ́gùn tútù ò rí àyè wọlé sábẹ́ igi, nǹkan yẹn á sá jáde láì jó. Òun là ń pè ní èéfín. Torí náà, ìyá tí ojú rẹ̀ ń ṣomi níwájú ààrò, owó tó fi ra igi ló ń ta á lójú yẹn. Ohun tó bá dín èéfín kù, á dín owó kù, á sì dín ikọ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ikọ́ náà díẹ̀, ká lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní OMS sọ pé èéfín inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé lọ́dún 2020, ó sì lé ní 237,000 nínú wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbi ìdáná, èéfín tí ìyá fà ni òun náà ń fà, ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ sì kéré, kò tíì gbó. Òtútù àyà ló sábà máa ń gbé e. Ti àgbàlagbà, àyà tó ń ká, èémí tí kò délẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń le sí i, rọpárọsẹ̀. Ojú náà wà níbẹ̀, awọ funfun tó máa ń bo ẹyin ojú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ti fi ogójì ọdún dáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé rò pé ojú òun kàn darúgbó ni.

Kí la máa wá ṣe? Mi ò ní ní kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan. Ohun tí kò náni lówó ni ká kọ́kọ́ ṣe.

Igi tútù ni olè àkọ́kọ́. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ti rí i rí, tí ìdí igi ń hó ṣìì lórí iná, tí omi ń kán jáde. Omi yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí igi tó jó, igi yín náà ló sì máa gbẹ ẹ́. Ẹ ra omi ní iye igi, ẹ tún wá ra igi tó máa gbẹ omi. Kí ẹ là á wẹ́wẹ́, kó má ju ọrùn ọwọ́ lọ, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ tò ó lórí òkúta níbi tí òjò ò ti ní bá a. Ẹni tó bá lè ra igi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn pa mọ́, kó rà á. Ẹni tí kò lè rà á lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ìyá àgbà tó ń ra ìdì kékeré lójoojúmọ́ ló ń ra igi ọ̀wọ́n jù lọ lọ́jà, torí lórí gbogbo ìdì kékeré ni olùtà ti ń jẹ èrè. Ẹ ti ń dá èsúsú lórí aṣọ àti lórí ìnáwó. Ẹ dá a lórí igi náà. Obìnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà lè ra ẹrù ọkọ̀ kékeré kan pọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n pín in, kí ìpín ìyá àgbà àdúgbò náà wà níbẹ̀. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá a là á.

Ní ti irú igi, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ayin ń jó pẹ́, ẹyín iná rẹ̀ ń le. Ẹ má fi igi ẹ̀mí dáná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé e fún èédú nínú oko yín. Igi tó ń fún wa ní òrí lọ́dọọdún, tá a wá sun lọ́jọ́ kan, mi ò mọ irú ìṣirò wo nìyẹn.

Lẹ́yìn igi, ìdérí. Ìkòkò tí kò ní ìdérí ń tú ooru sójú ọ̀run. Tí ìdérí bá ti sọnù, àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó, páànù tó bá bò ó tó. Lẹ́yìn náà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í ronú lé: omi tó ti ń hó, kò lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tún kó igi sí i, tó ń hó gùdùgùdù, tó ń ta sóde, iṣu kò ní tètè jinná nítorí rẹ̀. Omi ló kàn ń gbẹ. Tó bá ti hó, ẹ fa igi jáde, kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Igi tẹ́ ẹ fà jáde yẹn, ẹ fi eérú tàbí yanrìn pa á, ó di ti ọ̀la.

Ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́. Tó bá di àárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ fi omi mìíràn sè é. Àkókò tó máa lò lórí iná á dín kù púpọ̀, inú kì í sì í kún èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kánún ló ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kánún ń ba fítámì inú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ní ohun tó wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹra fún. Ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, kó má fi kánún rọ́pò igi. Omi alẹ́ ni kó lò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Agbọ̀n. Ẹ wá agbọ̀n ńlá kan tàbí àpótí. Ẹ tẹ́ òwú sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn. Òwú pọ̀ lọ́dọ̀ wa, òwú àràbà náà dára, tí kò bá sí, kí ẹ lo àkísà aṣọ tàbí koríko gbígbẹ. Ẹ rán àpò kan, kẹ́ ẹ kó òwú sínú rẹ̀ bí ìrọ̀rí, òun lẹ máa fi bò ó lókè. Tẹ́ ẹ bá gbé ìrẹsì kaná tó hó dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má ṣí ìdérí mọ́. Ẹ gbé ìkòkò náà bẹ́ẹ̀ sínú agbọ̀n, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí bò ó, kẹ́ ẹ lọ sójà. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ìrẹsì á jinná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kò sì lè jóná. Ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ mọ́jú, ẹ jẹ́ kó hó fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó wá wọ agbọ̀n fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí kò bá tíì rọ̀ tó, ẹ dá a padà síná díẹ̀.

Kò sí idán níbẹ̀. Ooru tó wà nínú ìkòkò ni òwú kò jẹ́ kó sá lọ, bí aṣọ òtútù ṣe ń ṣe fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí. Ìkòkò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, torí oúnjẹ díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá á tètè tutù. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ sùn sínú agbọ̀n mọ́jú: nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò máa ń bí sí i nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹran àti ẹ̀wà, ẹ tún jẹ́ kó hó kẹ́ ẹ tó bù ú jẹ.

Ó kan ààrò fúnra rẹ̀. Ní Burkina Faso, nígbà ìjọba Thomas Sankara, ní ọdún 1985, wọ́n kéde ìjà mẹ́ta: ìjà sí iná igbó, ìjà sí ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ káàkiri, ìjà sí igi gígé láìnídìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí wọ́n ṣe máa fi amọ̀, ìgbẹ́ màlúù àti koríko gígé mọ ògiri yí òkúta mẹ́ta wọn ká. Òkúta kan náà, ìkòkò kan náà, ògiri ló kàn wọ̀ ọ́. Amọ̀ ò wọ́n wa níbí, ti òkìtì ọ̀gán sì dára jù. Ẹ gbé ìkòkò tẹ́ ẹ máa ń lò jù sórí òkúta, kẹ́ ẹ mọ ògiri yí i ká títí dé apá rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìkòkò àti ògiri, èyí tí ìka ọwọ́ kan lè wọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ooru máa gbà gòkè láti ra ìkòkò lára. Ẹ ṣí ẹnu kan níwájú fún igi. Ẹ gbé ẹnu igi lórí òkúta tàbí irin kékeré kan kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Orí igi nìkan ni kó máa jó, kẹ́ ẹ máa tì í wọlé bó ṣe ń jó tán. Kó gbẹ nínú ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó dáná sí i.

Ààrò amọ̀ máa ń là o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì. Ó là lóṣù kẹta, wọ́n ní kò dáa, wọ́n wó o. Ògiri ilé wa náà ń là, a kì í kó jáde. Ẹ po amọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ dí i.

Fún ẹni tó ń lo èédú, ìdáná onírin tí wọ́n fi amọ̀ sínú ló dára ju onírin lásán lọ. Àwọn ará Kenya ló gbé irú rẹ̀ kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ń pè é ní jiko, ó sì ń dín èédú kù láti bí ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdajì. Irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Bénin. Ó wọ́n ju èyí tí alágbẹ̀dẹ fi irin àlòkù ṣe lọ, mo mọ̀. Ẹ lo agolo òkúta wẹ́wẹ́ yẹn láti mọ ọ̀sẹ̀ mélòó tó máa fi san owó ara rẹ̀ padà.

Mo ti dárúkọ èédú, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀ láì sọ ohun tó mú mi wá gan-an. Ọyẹ́ ń bọ̀. Ní gbogbo ọyẹ́, ẹnìkan á gbé ìdáná èédú wọ yàrá ìyá àgbà kó lè yáná, á ti ilẹ̀kùn, á fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó lè pa á.

Èédú tó pọ́n dáadáa, tí kò ní èéfín mọ́, ń mú atẹ́gùn olóró kan jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó máa ń gba àyè tó yẹ kí atẹ́gùn rere wà. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ara á rọ̀, oorun á máa kùn ún. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú rẹ̀. Àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ló ń tètè mú, àti aboyún pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀. Eérú tí ẹ bù lé e kò dá a dúró. Omi tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dá a dúró. Ìdáná èédú kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Tẹ́ ẹ bá wọlé bá ẹni tí irú rẹ̀ ti mú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ gbé e bọ́ síta, ẹ gbé ìdáná náà jáde, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kódà tó bá ti lajú.

Báwo la ṣe máa wá mú ara rẹ̀ móoru? Aṣọ méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn móoru ju ọ̀kan nínípọn lọ. Ìbọ̀sẹ̀, gèlè tàbí fìlà lórí. Ẹní tàbí páálí sábẹ́ ibùsùn. Ẹ rọ omi tó gbóná díẹ̀, tí kì í ṣe omi tó ń hó, sínú ike tó le, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sùn tì í. Omi ìwẹ̀, ẹ bu ú sínú abọ́ dúdú tàbí garawa dúdú láàárọ̀, kẹ́ ẹ bò ó, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn. Tó bá di wákàtí mẹ́ta ọ̀sán, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó wẹ̀ nígbà náà, kó má dúró di alẹ́.

Òòrùn yẹn tún lè ran omi mímu lọ́wọ́. Omi tó mọ́ gaara, nínú ike omi tó mọ́ rekete tí kò ju lítà méjì lọ, tí ẹ tẹ́ lórí páànù nínú òòrùn tó mú fún wákàtí mẹ́fà, òòrùn á pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nínú rẹ̀. Tí sánmà bá ṣú, kó lo ọjọ́ méjì. Tí omi náà bá dàrú, ẹ jẹ́ kó tòrò, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kó tó wọ ike. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọn omi nítòsí oko òwú, ẹ fetí sílẹ̀: oògùn tí wọ́n fọ́n sí òwú, òòrùn kò lè yọ ọ́ nínú omi, iná náà kò lè yọ ọ́. Ibòmíràn ni kẹ́ ẹ ti pọn.

Àtùpà náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń rọ tà nínú ìgò, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dá wà. Ẹ̀kán bẹntiróòlù díẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀, àtùpà lè gbiná lójijì. Ẹ má rọ epo sí àtùpà tó ń jó lọ́wọ́, ẹ má sì tọ́jú kpayo sínú yàrá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ìdáná. Ẹ rántí Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, níbi tí iná ti jó ibi tí wọ́n ń kó epo pa mọ́ sí. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú. Iná kékeré tó ń lo òòrùn wọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ṣùgbọ́n kò ní bèèrè epo lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà ní Kútọnu àti ní Parakou, tẹ́ ẹ bá ra ìgò gáàsì ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ ṣeun, gáàsì dára fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tán, ta ló máa kún un? Mo ti rí ìgò gáàsì tí wọ́n fi aṣọ bò bí ère nínú pálọ̀, tí ìyá ń fọn èéfín lẹ́yìnkùlé. Owó tí ẹ fi máa kún un ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣètò. Kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìfófòó ọṣẹ sí orí ìgò àti rọ́bà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò: ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. A kì í fi ìṣáná wò ó.

Ẹ̀yin ẹlẹ́kọ, tẹ́ ẹ bá ro ẹ̀kọ tán láàárọ̀, ẹyín iná ṣì pọ́n nídìí ààrò. Ó lè se iṣu ìyá àgbà kan. Mo mọ̀ pé àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun bí alágbe, kò sì ní gbé ìkòkò wá fúnra rẹ̀. Ẹ rán ọmọ lọ gbà á.

Ó ku ti iná mànàmáná, fún ẹ̀yin tí ẹ ní in. Gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì, tó bá tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, á jẹ 9 kWh. Gílóòbù LED oní 9 wáàtì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan náà, 1.35 péré ló máa jẹ. SBEE ní iye kan tó rọ̀ fún ilé tí iná rẹ̀ kò bá kọjá 20 kWh lóṣù. Ẹ wò ó báyìí: gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀. Ibi tí ó ti ń dun àwọn àgbà jù ni kọ́ńtà àjùmọ̀lò. Tí ilé márùn-ún bá so mọ́ kọ́ńtà kan, àpapọ̀ wọn á fo 20 yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyá tó ń tan gílóòbù kan á wá máa san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pín in ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù ń lò. Kí ọmọ tó mọ̀wé nínú ilé kọ nọ́ńbà kọ́ńtà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù àti ní ìparí rẹ̀. Tí ìyá àgbà bá lè gba kọ́ńtà tirẹ̀, ẹ bá a lọ sí ọ́fíìsì SBEE, kẹ́ ẹ bèèrè iye tó jẹ́ báyìí àti bóyá wọ́n gbà á láyè láti san án díẹ̀díẹ̀.

Tọ́ ẹ bá mọ ààrò amọ̀ yẹn, ẹ pè wá kẹ́ ẹ sọ bó ṣe ń ṣe.